Bí mo ṣe jẹ́ kí dátábéèsì mọ̀ pé Ẹ kì í ṣe E

Ìyá Akọ̀wé na ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí mi ní ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú. "Ọmọ mi, bá mi wá Ẹ̀bùn níbẹ̀." Mo wo ibi tó yẹ kí Ẹ wà, n kò rí i. Mo wo àárín àwọn E, kò sí níbẹ̀ náà. Ojú ewé tó kẹ́yìn pátápátá ni a ti rí i, lẹ́yìn Zainab, òun àti gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi À, Ẹ, Ọ tàbí Ṣ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ṣe ètò àkọsílẹ̀ náà fún ẹgbẹ́ àwọn aládìrẹ yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá owó, Ìyá Akọ̀wé máa ń fi ìka tọ orúkọ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé ìwé ló ṣì ṣe wà lórí rẹ̀: A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB. Létà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kálukú ní àyè tirẹ̀. Abẹ́òkúta sì ni a wà, ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 1859. Kò yẹ kí létà wa máa sá sí ẹ̀yìn Z níbí.

PostgreSQL 16, ètò dátábéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni mo lò. Nígbà tí mo wo bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, C ni mo fún un gẹ́gẹ́ bí collation (òfin tó fi ń to ọ̀rọ̀), ìyẹn ni pé báìtì lásán, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa létà mọ́, ló fi ń to ọ̀rọ̀. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà sọ létà di báìtì, báìtì kan ṣoṣo ni z, 7a. Báìtì mẹ́ta ni Ẹ, e1 sì ni àkọ́kọ́ wọn, ó sì ju 7a lọ. Ẹ̀yìn ni yóò máa bọ́ sí títí ayé.

Kí n tó fọwọ́ kan orúkọ ẹnikẹ́ni, mo ṣe tábìlì kékeré kan tí mo pè ní idanwo. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ àyè tó yẹ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sí i: Àdùkẹ́, Esther, Ẹ̀bùn, Gàníyù, Gíwá, Gbénró, Oyè, Ọlá, Sùnmọ́nù, Ṣadé, Zainab. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú wọn ni. Gíwá gbọ́dọ̀ ṣáájú Gbénró, nítorí létà kan ni GB, lẹ́yìn G pátá ló sì wà. Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì:

SELECT oro, aye, row_number() OVER (ORDER BY oro COLLATE "en-x-icu") FROM idanwo ORDER BY aye;

Pẹ̀lú òfin Gẹ̀ẹ́sì yìí, Àdùkẹ́ padà sí iwájú, Zainab sì kẹ́yìn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí, torí ó jọ pé ó ti dára. Kò dára. Ẹ̀bùn ṣáájú Esther, Ọlá ṣáájú Oyè, Ṣadé ṣáájú Sùnmọ́nù, Gbénró ṣáájú Gíwá. Ó ka àmì ìsàlẹ̀ sí ohun kan náà pẹ̀lú àmì ohùn. Àmì ohùn kì í sọ létà di òmíràn, ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́ di òmíràn.

Mo fi "yo-x-icu" rọ́pò rẹ̀. Gbogbo àyè mọ́kọ̀ọ̀kànlá bá ara mu. Inú mi dùn gan-an, torí pé ẹnìkan ti jókòó fi òfin Yorùbá sínú ICU, àkójọ òfin èdè tí PostgreSQL ń lò, kí n tó dé.

Mo wá dán an wò lórí orúkọ ẹgbẹ́ gan-an. Ẹniọlá kan tún wà láàárín àwọn E, ó ṣáájú Esther. Lójú mi, kò sí ìyàtọ̀ láàárín Ẹ rẹ̀ àti Ẹ ti Ẹ̀bùn, àfi ìgbà tí mo yọ báìtì rẹ̀ wò:

SELECT encode(convert_to(oruko, 'UTF8'), 'hex') FROM omo_egbe WHERE id = 41;

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni 45cca9. E ni 45. cca9 ni U+0329, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ létà. Àmì tó wà nínú Ẹ yòókù ni U+0323, ìyẹn tó rí roboto. Ọmọ tó bá wọn tẹ ìdajì orúkọ lo kíbọ́ọ̀dù mìíràn, òfin yo kò sì mọ ìlà yẹn.

Láti PostgreSQL 16, tó jáde ní 2023, a lè fi òfin tiwa kún ti ICU. Mo kọ́kọ́ fi normalize(oruko, NFC) tún gbogbo orúkọ ṣe kí àmì wọn lè tò bákan náà, mo wá kọ èyí:

CREATE COLLATION yo_oja (provider = icu, locale = 'yo', rules = '&ẹ = e̩ &Ẹ = E̩ &ọ = o̩ &Ọ = O̩ &ṣ = s̩ &Ṣ = S̩');

Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìlà kún idanwo, mo tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọkọ́ ṣáájú ọkọ̀, bí ICU ṣe ń to àmì ohùn nìyẹn, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ALTER TABLE gbé yo_oja lé orí orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé bí ICU bá yí padà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ní láti ṣe REINDEX (ìyẹn ni kí ẹ tún index, atọ́ka tí dátábéèsì fi ń wá nǹkan kíákíá, kọ́), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ index á máa fi ètò àtijọ́ wá nǹkan.

Mo tẹ ìwé tuntun, mo gbé e lọ sí Ìtòkú. Ìyá Akọ̀wé tọ ìka lọ: Esther, Ẹ̀bùn, Ẹniọlá. Ìka rẹ̀ dúró. "Ẹniọlá méjì?" Nọ́ńbà fóònù kan náà, ilé kan náà ní Ìbarà. Wọ́n ti kọ obìnrin náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì roboto, ọ̀kan pẹ̀lú ìlà, owó rẹ̀ sì ti pín sí méjì láti ìgbà náà. Ewé mẹ́ta ló wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá rí i?

Mo ṣe collation kejì lálẹ́ ọjọ́ náà, òfin kan náà ṣùgbọ́n pẹ̀lú deterministic = false, kí Ẹ méjèèjì lè dọ́gba. Orí UNIQUE index tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà fóònù, èyí tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ni mo fẹ́ fi í sí. N kò fi sórí orúkọ fúnra rẹ̀, torí LIKE kò ṣiṣẹ́ lórí irú collation bẹ́ẹ̀ ní 16, bẹ́ẹ̀ LIKE ni wọ́n fi ń wá orúkọ. Lọ́jọ́ kejì, a pa àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo wá ṣe index náà, Ìyá Akọ̀wé sì jókòó, ó tún owó Ẹniọlá kà láti oṣù kìíní.