Iyán Iṣu Tuntun fún Èèyàn 20: Bí A Ṣe Ń Gbàlejò Nílé l'Óṣogbo

Tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí iṣu tuntun sì ti pọ̀ ní Ọjà Ọba àti Ìgbọ̀nà, ìgbà yẹn gan-an ló dùn ún pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá jẹun. Iyán ni kí ẹ fi gbé gbogbo ètò yín kalẹ̀, nítorí òun nìkan ni kò ṣeé ṣe sílẹ̀.

Iṣu funfun 6 tó wọn kílò méjì-méjì yóò tó èèyàn 20. Ẹ wò ó dáadáa kó má lọ jẹ́ ewùrà. Òjòjò ni ewùrà wà fún. Iṣu tuntun lómi nínú, ìdí nìyẹn tí iyán rẹ̀ fi ń rọ̀ jù. Ẹ rà á ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Ìdí iṣu ló ń gbó kẹ́yìn, nítorí náà ẹ gé e sọ́tọ̀, ẹ fi din dùndún fún àwọn ọmọdé.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ bọ ẹran kílò mẹ́ta, ẹ gé e sí ege 40. Ẹ gbé tàtàṣé 8, ata rodo 10 àti àlùbọ́sà ńlá 3 lọ sí ẹ̀rọ ìlọta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ata tútù tó bá sùn láìwọ fìríìjì á kan.

Láàárọ̀, ẹ fi àlùbọ́sà lílọ̀ po kọ́ńgò ẹ̀gúsí lílọ̀ kan kó ki. Ẹ din ata nínú epo pupa, ẹ da irú àti omi ẹran sí i, kí ẹ wá máa fi ṣíbí bu ẹ̀gúsí lé e. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná kékeré, ẹ má rò ó rárá: bí ẹ bá tètè rò ó, yóò tú dà bí ẹ̀kọ. Ẹ bọ ṣọkọ, ẹ fún omi rẹ̀ dànù gírígírí, kí ẹ tó dà á sí i níkẹyìn.

Ó kan iyán. Kí ìdajì àlejò jókòó ná kí ẹ tó gbé iṣu kaná. Àlejò ni í dúró de iyán. Ìṣẹ́jú 25 sí 30 ló máa ń gbà kó tó jinná. Ẹ da ọ̀pọ̀ omi rẹ̀ nù, ẹ fi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ooru lè máa mú ìyókù, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ máa gún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ gún un láìfi omi sí i títí kókó yóò fi tán. Iṣu tí kò jinná tàbí tó ti tutù ló ń fa kókó, bí omi bá sì ti kàn án, yíyọ̀ ni kókó náà á máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ odó. Iṣu tuntun kì í sábà fẹ́ omi kankan. Bó bá rọ̀ jù, ẹ ju ege iṣu gbígbóná mélòó kan sí i, ẹ gún un pọ̀.

Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, òwe nìyẹn o. Iyán wákàtí méjì inú kúlà, líle ló ń le. Ẹ fi ewé eéran wé e, kí ẹ sì gbé e jáde kíá.

Ẹ fún àwọn àgbà lómi ìṣanwọ́ kí ẹ kọ́kọ́ bu tiwọn. Ẹ yọ ẹran sọ́tọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀, ẹ kà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó kẹ́yìn á fi ọbẹ̀ lásán jẹ iyán. Òjò Oṣù Kẹwàá fẹ́ràn ọ̀sán, ẹ to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ fi iṣu kan sílẹ̀ láìbó fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Dùndún ni kó fi panu títí yóò fi jinná.