Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọkàn Ẹni Tó Ní Àrùn Marfan

Ní 1972, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí àwọn tó ní àrùn Marfan ń kú jẹ́ ọdún 32. Nígbà tó fi di 1995, wọ́n ti ń retí kí ìdajì wọn kọjá ọmọ 70 ọdún. Ohun tó yí i padà ni pé wọ́n ń wọn aorta, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn, kó tó ya.

Àbùkù inú jíìnì FBN1 ló ń fa Marfan: ó ń sọ okùn tó so ẹran ara pọ̀ di aláìlágbára. Ìka á gùn, dígí inú ẹyinjú á yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, aorta á sì máa fẹ̀ bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó ti dẹ̀.

Echo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó jọ èyí tí wọ́n fi ń wo oyún ṣe. Ẹ ṣe é gbàrà tí dókítà bá dárúkọ àrùn náà, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó wá di ọdọọdún. Ẹ má gba "kò séwu" lásán wálé. Ẹ béèrè iye sẹ̀ǹtímítà tí ìdí aorta jẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Ibì kan náà ni kí ẹ ti máa ṣe é: bí ẹnì kan bá wọ̀n ọ́n láti inú dé inú, tí ẹlòmíì ka ìnípọn ògiri rẹ̀ mọ́ ọn, mìlímítà méjì á yọjú, ẹ ó sì rò pé ó ti fẹ̀ sí i.

Bí ìdí aorta bá dé sẹ̀ǹtímítà 5.0 lára àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Bí aorta ìbátan rẹ̀ kan bá ti ya rí, tàbí tí aorta tirẹ̀ bá ń yára fẹ̀, wọ́n lè ṣe é ní 4.5. Ẹ má fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Iṣẹ́ abẹ tí a mú ọjọ́ fún kò léwu tó èyí tí a sáré ṣe lẹ́yìn tó ti ya.

Atenolol tàbí losartan ni oògùn tó wọ́pọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ mi ò ga" kọ́ ni ìdí láti pa á tì: ṣe ló ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lu ògiri aorta kù. Atenolol kò ṣeé dá dúró lójijì, kò sì bá alásìímà lára mu. Losartan ń ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà kí obìnrin rí dókítà ọkàn kó tó lóyún. Ẹ má ra ciprofloxacin ní kẹ́míìsì fún taifọ́ọ̀dù. Láti 2018 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé irú oògùn yìí lè mú kí aorta ya.

Ìrìn ẹsẹ̀ dára. Irin gbígbé kò dára, bẹ́ẹ̀ ni basketball tí gbogbo ayé máa ń ti ọmọ gíga sí. Flo Hyman, agbábọ́ọ̀lù volleyball Amẹ́ríkà, ṣubú kú nídìí eré ní Japan ní 1986. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé Marfan ni. Àrùn yìí sì máa ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà, kí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ẹni tó ní in náà ṣe echo.

Bí ìrora bá dédé gún ẹni tó ní Marfan láyà tàbí láàárín èjìká méjèèjì, bí ẹni fa aṣọ ya, ẹ má fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú. Ẹ gbé e lọ síbi tí CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wà, kí ẹ sì pariwo "Marfan" lẹ́nu ọ̀nà, torí oògùn tí wọ́n fi ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì fún àìsàn ọkàn lè pa á.