Bí A Ṣe Ń Sin Agbọ́n Telenomus fún Oko Àgbàdo l'Ékòó

Láti 2016 tí fall armyworm, kòkòrò tó ń di àfòpiná bó bá dàgbà, ti wọ Nàìjíríà ló ti ń jẹ àgbàdo láti ọkàn ewé. Telenomus remus ni agbọ́n tó yẹ kẹ́ ẹ sìn fún un. Kò tó mìlímítà kan, kì í sì í ta èèyàn. Àfòpiná kòkòrò náà máa ń fi irun ara rẹ̀ bo ẹyin tó bá yé. Irun yìí máa ń dí Trichogramma, agbọ́n kékeré mìíràn tó ń yé sínú ẹyin kòkòrò, lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Telenomus a wọ abẹ́ rẹ̀, a yé tirẹ̀ sínú ẹyin náà, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ tán kó tó pa.

Ẹyin kòkòrò ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ẹ kó kòkòrò láti oko, bóyá lápá Ọ̀jọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ife tirẹ̀ pẹ̀lú ewé àgbàdo tútù. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ńlá á jẹ kékeré. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á wọ èèpo pupa rúsúrúsú. Bí àfòpiná bá jáde, ẹ kó akọ àti abo sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ tẹ́ bébà sí, pẹ̀lú òwú tí ẹ rẹ sínú oyin olómi. Ẹ máa gé ẹyin ara bébà láràárọ̀. Èyí tí kò tíì pé wákàtí 24 ló dára jù.

Ní ti agbọ́n tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ìdì ẹyin tí ẹ bá rí lábẹ́ ewé ní oko lè ti ní in nínú. Ẹ fi wọ́n sínú ìgò kékeré, kí ẹ ní kí onímọ̀ kòkòrò bá yín wò ó bóyá Telenomus ló jáde.

Nínú ìgò, abo agbọ́n márùn-ún tó fún ìdì kan tó ní bí ẹyin 100, fún ọjọ́ kan. Aṣọ tí ojú rẹ̀ dì ni kẹ́ ẹ fi bo ẹnu ìgò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá wọn dúró. Ṣóńṣó ọwọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fa oyin lára ìgò, kó rí tín-ín-rín bí irun. Ẹ̀kán kan péré, wọ́n á rì sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ẹyin tó dúdú ní ọjọ́ kejì lè jẹ́ orí kòkòrò tó fẹ́ pa. Ẹ dúró di ọjọ́ karùn-ún. Èyí tó ṣì dúdú ni ti agbọ́n. Ẹ gbá àwọn kòkòrò tó ti pa kúrò.

Nínú ooru Èkó, agbọ́n á jáde ní bí ọjọ́ kẹwàá. Akọ ló ń ṣíwájú. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan kí wọ́n gùn, torí abo tí kò rí akọ, akọ nìkan ni yóò bí. Bí akọ bá pọ̀ jù, ó tún lè jẹ́ pé abo pọ̀ ju ẹyin lọ.

Èèrà ni ọ̀tá tó le jù: ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì sínú omi ọṣẹ. Ẹ má tan kọ́ìlì, ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá yẹn rárá.

Gbàrà tí ẹ bá ti rí ìdì ẹyin àkọ́kọ́ lára àgbàdo kékeré, ẹ so ìgò agbọ́n mọ́ ara igi àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ṣí i. Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí oko náà.