Bí Olùkọ́ Tó Ń Sún Mọ́ Ìfẹ̀yìntì Ṣe Lè Fi Iṣẹ́ àti Àṣà Ìdílé Lé Àwọn Tó Ń Bọ̀ Lọ́wọ́

Olùkọ́ tó ti pẹ́ nínú kíláàsì mọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò sí nínú ìwé kankan. Ó mọ ibi tí àwọn ọmọ yóò ti ṣìnà nínú ìṣirò kí wọ́n tó mú bírò, ó mọ irú ìbéèrè tó ń ta ọmọ tó ń tòògbé jí, ó sì mọ ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ jẹ́ ti ìrònú àti ìgbà tó jẹ́ ti ìbẹ̀rù. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn tì láìfi ìmọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nílé. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ sábà máa ń sún ọ̀rọ̀ ìdílé tirẹ̀ síwájú di ìgbà tí ààyè bá yọ, nígbà tí ààyè yóò sì fi yọ, àwọn ọmọ ti tú ká, àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìdílé sì lè má sí mọ́.

Olùkọ́ tó ku ọdún kan tàbí méjì kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹ̀kọ́ gan-an ni fífi iṣẹ́ àti àṣà léni lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún un bí ẹ ti ń múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kíláàsì: kí ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fún un ní àkókò tó tó, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó ń kọ́ ọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀.

Ohun tó wà lórí yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ wá ìwé kan tó nípọn, kí ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé yín ṣe pín sáà ẹ̀kọ́, kí ẹ sì máa mú un lọ́wọ́ wọ kíláàsì. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí àwọn ọmọ ti kọsẹ̀, ohun tó là á yé wọn, àti ohun tí ẹ kò ní ṣe mọ́ bí ẹ bá tún fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó jáde nínú kíláàsì. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìrántí jáde ní ọdún 1885, fi hàn pé kété lẹ́yìn tí ènìyàn bá kọ́ nǹkan ni ìgbàgbé máa ń yára jù lọ, kí ó tó wá máa falẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ohun tí ẹ bá sọ pé ẹ ó kọ ní ìparí ọ̀sẹ̀, kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ yóò ti bọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀ yẹn gan-an ni arọ́pò yín nílò.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ń kọ ṣe pàtó. Bí ẹ bá kọ pé ẹ̀kọ́ ìdá ṣòro fún wọn, ẹ kò tíì sọ ohun tí olùkọ́ tuntun kò mọ̀. Ohun tí yóò wúlò fún un ni pé bí a bá ní kí àwọn ọmọ ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ 2/5, nítorí pé wọ́n ro nọ́ńbà òkè pọ̀, wọ́n sì ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí wọn kò tíì mọ ìdá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ohun tó máa ń là wọ́n lójú: kí olùkọ́ má tètè sọ pé wọn kò gbà á, kí ó kàn bi wọ́n pé nínú 1/2 àti 2/5, èwo ló pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti rí i pé 2/5 kò tó 1/2 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi nǹkan kún un, àwọn fúnra wọn ni yóò sọ pé ìdáhùn náà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tuntun lè lo ọdún bíi mélòó kan kí ó tó bá irú ìbéèrè kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ pàdé.

Nínú àwọn ìwé tó ti kún àpótí àti kọ́bọ́ọ̀dù yín, díẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìwé ìdánwò àtijọ́ wúlò bí ìdáhùn bá wà lára rẹ̀, tí ẹ sì ti sàmì sí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọ kùnà. Ìwé tó bá ní orúkọ ọmọ, máàkì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ilé wọn kì í ṣe ohun tí ẹ lè gbé lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Ilé-ìwé ló ni ín. Ẹ kó o fún ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n pa á mọ́ tàbí kí wọ́n run ún bí òfin wọn bá ti là á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí arọ́pò yín ṣe é lójú yín

Ìwé nìkan kò tó. Bí ilé-ìwé bá ti mọ ẹni tí yóò gba ipò yín, tàbí bí olùkọ́ kan tó kéré sí yín bá wà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àkókò láti jọ wà nínú kíláàsì. Kí ó kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn kí ó máa wò yín. Kí ẹ jọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan, kí ó mú apá kan, kí ẹ mú apá kejì. Kí ó wá kọ́ odidi ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn, lẹ́yìn èyí kí ó kọ́ ọ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìgbésẹ̀ tó le jù fún olùkọ́ àgbà ni ti jíjókòó sẹ́yìn, nítorí ọwọ́ yóò máa yún un láti dìde kí ó bá a tún nǹkan ṣe. Ẹ má dìde, àfi bí ọmọ kan bá fẹ́ fara pa. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Kí lo rí?” kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ tiyín. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò ti rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀, ohun tó sì nílò lọ́dọ̀ yín ni ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti sọ ọ́ di ẹ̀dà yín. Ohùn yín, ẹ̀rín yín àti bí ẹ ṣe ń dúró níwájú ọmọ jẹ́ tiyín. Ìdí tí ẹ fi ń ṣe nǹkan ló yẹ kí ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ó wá ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣe é. Kí ẹ̀yin náà sì bi í léèrè ohun tó mọ̀ tí ẹ kò mọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, ìpàdé àwọn ìjọba kan ní Paris fọwọ́ sí àbá ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, lórí ipò àwọn olùkọ́, ọjọ́ yẹn náà la sì ti ń ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé láti ọdún 1994. Àbá náà sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ń béèrè ìmọ̀ jíjinlẹ̀ àti òye àkànṣe, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ́ tí kì í dáwọ́ dúró gbà tí a sì fi ń dì í mú. Mo mọyì ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, nítorí kò yọ ẹni tó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì sílẹ̀.

Àkókò àti ara

Agogo ilé-ìwé ló ti ń pín ọjọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì rọrùn fún ara láti bọ́ kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ kò ní máàkì ìwé kankan rárá, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé tiwọn ni. Ìwé tí ẹ ń máàkì pàápàá lè dín kù: ọmọ tí ẹ bá kọ ohun méjì tó ṣe pàtàkì fún yóò lò ó ju èyí tí ẹ fi yíǹkì pupa kún ojú ìwé rẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹ ṣìkẹ́ ohùn yín náà. Ẹ máa mu omi nínú kíláàsì, ẹ má máa pariwo borí ariwo àwọn ọmọ, bí ohùn bá sì há tí kò là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà.

Àṣà ìdílé

Ẹ jókòó kí ẹ kọ àwọn àṣà tó wà nínú ìdílé yín sílẹ̀: orin tí ẹ ń kọ nígbà tí ẹ bá péjọ, ìtàn bí ìdílé ṣe dé ibi tó wà, bí ẹ ṣe ń rántí àwọn tó ti kú, bí ẹ ṣe ń pín iṣẹ́ nígbà àjọ̀dún. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè ṣe é láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ṣe, pàápàá bí ẹni náà bá ti dàgbà jù yín lọ.

Ẹ lọ bá àgbàlagbà náà, kí ẹ tọrọ àyè láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un àwọn tí yóò gbọ́ ọ. Yàrá tó dákẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn dáadáa. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ òní, ibi tí ẹ wà àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú má baà máa méfò. Ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lè dáhùn kì í mú ìtàn jáde. Ẹ bi wọ́n pé, “Ta ló kọ́kọ́ kọ́ yín ní orin yìí, Màmá? Níbo lẹ wà nígbà náà? Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?” Ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ tàbí ohun èlò kan sí wọn lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Bí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ẹ ti mọ èyí láti inú kíláàsì: olùkọ́ tó bá tètè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ kì í gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀: kí ọ̀kan wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan wà lórí ohun ìpamọ́ mìíràn, kí ìkẹta sì wà nílé ẹlòmíràn, kí jàǹbá kan ṣoṣo má baà pa gbogbo rẹ̀ run. Ẹ̀yìn fọ́tò ni kí ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ orúkọ sí, láti òsì sí ọ̀tún, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n yà á. Bírò máa ń tẹ ojú fọ́tò, yíǹkì rẹ̀ sì lè ràn.

Gbígba ohùn sílẹ̀ kò tíì jẹ́ fífi àṣà léni lọ́wọ́, nítorí àṣà tó wà nínú fóònù nìkan kò tíì ní arọ́pò. Ẹ mú ayẹyẹ kan nínú ọdún, kí ẹ gbé e lé ọmọ yín kan tàbí ọmọ àbúrò yín lọ́wọ́ pátápátá, kí ó pe àwọn ènìyàn jọ, kí ó ṣètò iṣẹ́, kí ó sọ ìtàn náà níwájú gbogbo ẹbí, ní ìgbà tí ara yín ṣì le tó láti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí ó bá fo apá kan ìtàn náà, ẹ má tún un ṣe láàárín èrò. Ẹ sọ fún un lẹ́yìn náà ní ìkọ̀kọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àtúnṣe ni iṣẹ́ wa, ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ sì lè kọ̀ láti dáwọ́ lé nǹkan nílé nítorí kò fẹ́ kí wọ́n tún máàkì òun.

Ẹ gbà pẹ̀lú pé yóò yí padà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó wà lókèèrè lè fẹ́ dara pọ̀ lórí fóònù, wọ́n lè sún ọjọ́ rẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé kí wọ́n mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é kí wọ́n tó yí i padà. Bí àṣà kan bá sì ń dun ẹnì kan nínú ẹbí, ẹ bi í léèrè kí ẹ sì fetí sí i. Ní tèmi, irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní gbígbé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìwé iṣẹ́ yín

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ tètè ṣe é. Ẹ kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ti ìgbéga àti ìwé-ẹ̀rí yín jọ, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí dọ́gba nínú gbogbo wọn, nítorí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè dá owó ìfẹ̀yìntì dúró. Bí àtúnṣe bá wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ó kéré tán ọdún kan ṣáájú, kí ẹ fi ìwé béèrè ohun gbogbo, kí ẹ sì pa ẹ̀dà ìdáhùn wọn mọ́. Ẹ wo orúkọ tí ẹ fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó sún mọ́ yín jù lọ bóyá òun náà ni ẹ ṣì fẹ́. Ẹ fi owó oṣù díẹ̀ pamọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, torí owó àkọ́kọ́ lè má tètè dé.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín ṣáájú àkókò, ní ọ̀rọ̀ tó yé wọn, ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yin àti ẹni náà pa pọ̀. Àwọn ọmọ kékeré máa ń rò pé nítorí ohun tí àwọn ṣe ni olùkọ́ ṣe lọ, ó sì yẹ kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ fi ẹnu kò pẹ̀lú arọ́pò yín pé ó lè pè yín fún ìbéèrè ní sáà àkọ́kọ́. Ẹ má padà wọ kíláàsì náà ní sáà yẹn àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá pè yín, bí ó bá sì pè yín, ẹ bi í ṣáájú ohun tó fẹ́ kí ẹ wá ṣe gan-an, kí ẹ ṣe ìyẹn nìkan.