Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń bá àwọn ọmọ ṣe ìpápánu Àjíǹde tí kò nílò oven

Àṣìṣe kan wà tó bí gbogbo ìyókù. Torí pé wọ́n ní ìpápánu yìí ò nílò oven, ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń rò pé kò léwu kankan, pé àwọn lè kó gbogbo nǹkan sórí tábìlì kí àwọn ọmọ máa bá a lọ, káwọn náà rí àyè ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oven ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná wà níbẹ̀, torí ṣokoléètì ò lè yọ́ fúnra ẹ̀, bọ́tà ò lè yọ́ fúnra ẹ̀, marshmallow, súìtì rírọ̀ yẹn, náà iná ló ń yọ́ ọ. Yàtọ̀ síyẹn, nǹkan tá ò bá sè, kòkòrò àìsàn tó bá wà nínú ẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, kò sóhun tó máa pa á. Nǹkan méjì yìí ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń wá, iná tí a ò kà sí iná, àti ooru tó yẹ kó pa kòkòrò àmọ́ tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣokoléètì kọ́kọ́, torí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tá a máa ń ṣe lásìkò Àjíǹde, ìtẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi kọ́nfíléèkì ṣe, ẹyin, ehoro, bísíkíìtì tí wọ́n tẹ̀ bọ inú ẹ̀. Ọ̀tá ẹ̀ àkọ́kọ́ ni omi. Ẹ̀kán omi kékeré báyìí tó bá kán sínú ṣokoléètì tó ti yọ́, ṣe ló máa ṣàdédé dì, á le, á wá rí bí iyanrìn tútù, kò ní ṣeé dà mọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé ṣúgà àti kòkó tó wà nínú ẹ̀ gbẹ, omi díẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọdé la jọ ń ṣe é, omi tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tí wọn ò nù, ṣíbí tí wọ́n yọ látinú síǹkì, strawberry tí wọ́n fọ̀ tí omi ṣì ń kán lára ẹ̀. Ẹ nu gbogbo nǹkan gbẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní aṣọ gbígbẹ kan nílẹ̀ tó jẹ́ ti ìnuwọ́ nìkan. Àwọ̀ oúnjẹ tó jẹ́ olómi náà wà lára omi yìí o, ọ̀pọ̀ ló ti da àwọ̀ píǹkì olómi sínú ṣokoléètì funfun kó lè dùn-ún wò, tó sì bà jẹ́ lójú àwọn ọmọ. Èyí tí wọ́n fi òróró ṣe tàbí tó jẹ́ ìyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ lò.

Tó bá ti dì, ẹ má dà á nù. Ẹ máa bu mílíìkì gbígbóná sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ máa rò ó, á tún yọ́, á ṣàn, ẹ lè dà á sórí èso tàbí kẹ́ ẹ pò ó mọ́ bísíkíìtì tẹ́ ẹ ti fọ́. Ṣùgbọ́n kò ní le mọ́, torí náà ẹ má fi ṣe ìtẹ́ ẹyẹ.

Ooru náà ńkọ́? Máíkírówéfù máa ń tan èèyàn, torí ṣokoléètì lè ti yọ́ nínú kó ṣì dúró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá rò ó á rò pé kò tíì yọ́, á tún tì í padà fún ìṣẹ́jú méjì, kó tó mọ̀ ó ti jó. Sẹ́kọ́ǹdì 20 sí 30 ló tó lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dín agbára ẹ̀ kù sí ìdajì, kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ rò ó, kẹ́ ẹ tún dá a padà. Tó bá ku kókó díẹ̀ tí kò tíì yọ́, ẹ dáwọ́ dúró, ooru tó ti wà nínú ẹ̀ máa parí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń rò ó. Tó bá jẹ́ orí ìkòkò omi lẹ ti ń yọ́ ọ, kí ìsàlẹ̀ abọ́ má kan omi, kí omi yẹn sì má hó yàyà, torí oru ẹ̀ lè yí wọnú abọ́, ọ̀rọ̀ omi tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ṣokoléètì funfun ló yára jó jù, ẹ má fi ojú ti dúdú wò ó.

Iṣẹ́ yíyọ́ yìí, àgbàlagbà ló ni ín. Àwọn ọmọ lè gbà á nígbà tí abọ́ ti kúrò lórí iná tí kò sì gbóná mọ́ lọ́wọ́. Marshmallow tó yọ́ ló wá ń bà mí lẹ́rù jù, torí ṣúgà gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara ni, kì í ṣàn kúrò bí omi, ọmọ tó tọ ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti tọ́ ọ wò máa jó ju bẹ́ ẹ ṣe rò. Tó bá ṣẹlẹ̀, omi ẹ̀rọ tó tutù ni kẹ́ ẹ tú sí i fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe bọ́tà, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Tí ojú ibẹ̀ bá tóbi tàbí tó wú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àti nítorí ìpápánu náà fúnra ẹ̀, iná kékeré ni kẹ́ ẹ fi yọ́ marshmallow, iná ńlá ló ń jẹ́ kó le gbagidi tó bá tutù. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi nínú tiréè, àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa gbá a wìnnìwìnnì, ẹ fi bọ́tà díẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́ wọn kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kó lè tẹ́jú.

Ó yá, ká wá sórí ohun tá ò sè. Fúláwà kì í ṣe nǹkan tá a máa jẹ láìsè. Ó gbẹ, ó mọ́ lójú, inú àpò ló wà, ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn máa pò ó mọ́ ṣúgà àti bọ́tà, wọ́n á ní àwọn ṣe bísíkíìtì tí wọn ò yan, kí àwọn ọmọ fi ṣíbí jẹ ẹ́. Oko ni àlìkámà ti wá, ẹran ń yàgbẹ́ níbẹ̀, ẹyẹ ń yàgbẹ́ níbẹ̀, lílọ̀ tí wọ́n lọ̀ ọ́ kì í sì í pa kòkòrò. Lọ́dún 2016 ní Amẹ́ríkà, èèyàn 63 ní ìpínlẹ̀ 24 ni kòkòrò àìsàn E. coli inú fúláwà dá àìsàn sí lára. Àwọn kan máa ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fúláwà sí máíkírówéfù kẹ́ ẹ tó lò ó, àmọ́ àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ká má gbìyànjú ẹ̀ nílé, torí kò dájú pé ó máa pa gbogbo kòkòrò náà. Bísíkíìtì tí wọ́n ti yan tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọ́, ẹ ò ní nílò fúláwà rárá.

Bákan náà ni ẹyin tútù, torí kòkòrò àìsàn tó ń jẹ́ Salmonella. Tí ìlànà tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé bá ní kẹ́ ẹ po funfun ẹyin mọ́ ṣokoléètì láìsè, ẹ fi kírímù tí wọ́n lù dípò, adùn ẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀. Oyin ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1, torí àìsàn botulism, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fi ìka tọ́ ọ lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ẹ kìlọ̀ fún àwọn àgbà ọmọ kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí ẹ̀ ni ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Ẹyin ṣokoléètì kéékèèké tí èèpo ṣúgà le lára ẹ̀, tí gbogbo èèyàn máa ń tò sínú ìtẹ́ ẹyẹ, ó rẹwà, òun náà sì ni ìwọ̀n àti líle ẹ̀ bá ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé mu gẹ́lẹ́. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, ẹ má fún un ní odindi. Ẹ kó o sínú náílọ̀nù tó nípọn, ẹ fi igi tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun pípò tàbí ìsàlẹ̀ ìkòkò kékeré fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ wọ́n ọn sórí ìtẹ́ náà, á ṣì dára, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn iṣẹ́ fífọ́ yẹn ju títò lọ. Odindi ẹ̀pà àti àwọn èso líle tó jọ ọ́ kò yẹ fún wọn náà. Èso àjàrà, ẹ là á sí mẹ́rin ní gígùn, ẹ má là á sí méjì ní ìbú, torí ìdajì tó rí róbótó ṣì lè dí ọ̀nà èémí. Marshmallow ńkọ́, ẹ gé e kéékèèké, torí ó máa ń wú lẹ́nu, á sì lẹ̀. Kí wọ́n jókòó jẹun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sáré kiri pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́nu, mo mọ̀ pé ó ṣòro lọ́jọ́ ọdún nígbà tí ilé kún, síbẹ̀ ẹ dúró lórí ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíì máa wá, ẹ bi òbí ẹ̀ léèrè kẹ́ ẹ tó ra nǹkan. Ẹ̀pà, mílíìkì, sẹ́sámì, ẹyin, nǹkan tó ń fa àléjì pọ̀, ìwọ̀nba kékeré sì tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé ẹni tó ra ṣokoléètì aláìlẹ́pà á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò ní ka ẹ̀yìn páálí níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ti ẹ̀pà. Àti ṣíbí kan náà tí wọ́n fi ń ro méjèèjì. Ẹ ya ti ọmọ tó ní àléjì sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, abọ́ ẹ̀, ṣíbí ẹ̀, tiréè ẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó ń dán yinrinyinrin tí wọ́n fi ń ṣe ìpápánu lọ́ṣọ̀ọ́ náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "non-toxic", ìyẹn ò sọ pé ẹ lè jẹ ẹ́, ohun tó ń sọ ni pé kò ní pa yín. "Edible" lẹ ń wá, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tí ẹ ò bá rí "edible" àti orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é lára ẹ̀, ti iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ti oúnjẹ.

Nípa títutù, ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Ọmọ á ti ṣí fíríìjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ní kí ló kù, ẹ gbé e sínú fírísà kó lè yá. Ṣokoléètì tó bá ti fírísà bọ́ sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń làágùn, omi yẹn á wá gbẹ, á fi nǹkan funfun sílẹ̀ lójú ẹ̀. Kò léwu láti jẹ, ẹwà ẹ̀ ló kàn lọ. Ìtẹ́ ẹyẹ lè gba wákàtí kan nínú fíríìjì, àmọ́ cheesecake (àkàrà òyìnbó oníwàràkàṣì) tí wọn ò yan fẹ́ wákàtí 6 ó kéré tán, òru kan ló dára jù, ẹ má ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ẹ́. Cream cheese (wàràkàṣì rírọ̀) ọlọ́ràá ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí wọ́n ti dín ọ̀rá ẹ̀ kù máa ń ṣàn, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì díẹ̀ ṣáájú kó má bàa ní kókó. Fún ìsàlẹ̀ ẹ̀, bísíkíìtì gíráàmù 250 sí bọ́tà gíráàmù 100 ló máa ń dúró dáadáa, ẹ fọ́ ọ kúnná, tó bá rí gbàgìdì-gbàgìdì kò ní mú ara wọn.

Tẹ́ ẹ bá ń lo jẹ́látíìnì, ẹ má fi ọ̀pẹ̀yìnbó tútù, kiwi tàbí ìbẹ́pẹ tútù sí i, nǹkan kan wà nínú wọn tó ń gé purotéènì jẹ́látíìnì sí wẹ́wẹ́, kò ní dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ti inú agolo ò ní ìṣòro yẹn torí wọ́n ti sè é. Ẹ má sì jẹ́ kí jẹ́látíìnì hó, agbára ẹ̀ á dín kù.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ò ní í ṣe pẹ̀lú ìpápánu rárá, ó sì máa ń dùn mí. Àgbàlagbà á pe ọmọ wá sídìí iṣẹ́, ọmọ á to ẹyin sí i, àgbàlagbà á tún un tò. Ọmọ á fi ṣíbí da ṣokoléètì, àgbàlagbà á ní "jẹ́ n bá ẹ ṣe é". Nígbà tó fi máa parí, ọmọ ti kúrò níbẹ̀, ó ti lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Ehoro tí etí ẹ̀ wọ́ ni tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ́. Ẹ fún ọmọ ọdún 3 ní iṣẹ́ fífọ́ àti wíwọ́n, ọmọ ọdún 6 lè rò, ó lè fi ṣíbí bu, àwọn tó ju ọdún 8 lọ lè wọn gíráàmù fúnra wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abọ́ kékeré tiẹ̀, torí abọ́ kan ṣoṣo láàárín ọmọ mẹ́rin, ìjà ló máa di. Ẹ sì wọn gbogbo nǹkan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, ọmọ kékeré ò lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá síbi tí bọ́tà wà.

Èyí tó bá ní kírímù tàbí cream cheese, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ lórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá sì ní ajá nílé, ẹ gbé ṣokoléètì síbi tó ga tó, kì í ṣe etí tábìlì, torí èròjà tó ń jẹ́ theobromine inú ẹ̀ lè pa ajá, dúdú ló sì burú jù. Èso àjàrà gbígbẹ náà léwu fún un. Àwọn ọmọ tó ń fi tìfẹ́tìfẹ́ fún ajá ní tiwọn lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tó pín nǹkan fún ẹnikẹ́ni.