Bí àwọ̀ obì ṣe kúrò léyín mi

Ní Ṣágámù níbí, obì kì í wọ́n lẹ́nu wa. Mo jẹ ẹ́ títí eyín iwájú mi fi pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, bí mo bá mu omi tútù, á ta mí dé àgbárí. Kíkan ọsàn ń jẹ ara eyín, ohun tó bá sì jẹ lára rẹ̀ kì í hù padà.

Ọ̀dọ̀ dókítà eléyín ni mo gbà lọ níkẹyìn. Ó fún mi ní dígí, ó ní kí n wo ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀: ìdọ̀tí ti gan síbẹ̀, ó le bí òkúta. Apá búrọ́ọ̀ṣì kankan kò lè ká a. Wọ́n ha á kúrò, ìdajì àwọ̀ náà sì bá a lọ.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) fọ ẹnu, ìṣẹ́jú 2, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Lọ́sàn-án, orín àtá. Mo máa ń rún orí rẹ̀ títí á fi rọ̀ dáadáa. Obì ò ju awẹ́ kan lọ mọ́, mo sì ń fi omi yọ ẹnu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Eyín mi ò funfun bíi bébà, ṣùgbọ́n mo ti ń rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu.