Bí mo ṣe tún yàrá inú ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ tún inú ọkọ̀ ìgbòkun tó ti gbó ṣe, ibi tí omi ń gbà wọlé ni kó kọ́kọ́ wá. Ọkọ̀ kékeré tí mo tún ṣe yìí, fáìbágíláàsì ni ara rẹ̀, pákó ni inú rẹ̀. Béèyàn bá ṣílẹ̀kùn, òórùn ìdíkàsì ló ń pàdé ẹni. Pákó ti dúdú lábẹ́ fèrèsé, aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òrùlé ti ń já bọ́, fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú.

Mo kó gbogbo ohun tó ṣeé tú jáde, mo kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi tí kò níyọ̀ ni mo fi fọ inú ọkọ̀, torí iyọ̀ òkun tó bá kù lára pákó á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Mo wá ní kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì dúró sínú, èmi ń fi hóòsì da omi sórí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn òkè ọkọ̀ téèyàn ń rìn lé, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Omi lè gba ibì kan wọlé, kó rìn lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, kó tó kán síbòmíràn. Wọ́n ti di ẹ̀bi ru fèrèsé lásán! Níbi tí irin tó di wáyà òpó ìgbòkun mú ti gba inú dẹ́ẹ̀kì kọjá lomi ti ń wọlé. Mo fi òòlù kékeré gbá àyíká rẹ̀: ibi tó le ń dún kó-kó, ibi tó ti jẹrà ń dún bò-bò. Igi balsa, igi fífúyẹ́ tó wà láàárín ìpele fáìbágíláàsì méjì tí wọ́n fi ṣe dẹ́ẹ̀kì, ti rin gbingbin.

Mo fi okùn tó lágbára di òpó mú kí n tó yọ irin náà. Mo fẹ ihò náà, mo ha igi tó ti rà kúrò, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fi epoxy tó ki, ìyẹn gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó máa ń le gan-an, dí i. Nígbà tó le tán ni mo tó lu ihò tuntun. Báyìí, bí gọ́ọ̀mù etí irin bá tilẹ̀ ṣí lọ́jọ́ iwájú, omi ò ní rí igi mu.

Ògiri pákó tí irin náà dè mọ́ ti jẹrà nísàlẹ̀, òun ló sì ń gbé agbára òpó. Mo fi páálí gé àwòṣe rẹ̀, mo gé piláiwúùdù ọkọ̀ ojú omi tuntun, mo fi epoxy kun gbogbo etí rẹ̀, torí etí ló ń mu omi jù. Mo fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín òun àti ara ọkọ̀ kó má baà gún un, kí n tó fi fáìbágíláàsì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má yọ ìbòmú o, eruku fáìbágíláàsì kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Pákó tó kù, ọwọ́ ni mo fi ha á, sáńdípépà nọ́ńbà 120 títí dé 220 tó kúnná jù ú lọ. Awọ igi tó wà lókè rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, ẹ̀rọ lè jẹ ẹ́ tán kéèyàn tó mọ̀. Mo jẹ́ kí fáníìṣì àkọ́kọ́ ṣàn dáadáa, kó má ki, kó lè wọnú igi.

N kò dá aṣọ òrùlé padà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ funfun ni mo fi skúrù dè síbẹ̀, èyí tó ṣeé tú nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ wo nọ́ọ̀tì abẹ́ dẹ́ẹ̀kì. Mo sì lu ihò sí ẹ̀yìn gbogbo àpótí, kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ kọjá.